Irin Kì Í Kàn Án

"Irin kì í kàn án!"

Ìyá àgbà mi ló pariwo bẹ́ẹ̀ ní pálọ̀ wa ní Ìbàfò, ó sì na ọwọ́ méjèèjì síwájú ìyá mi bí ẹni tó fẹ́ dá mọ́tò dúró. Ìyá Dókítà jókòó níwájú wọn, kò tíì fọwọ́ kan omi tí a gbé fún un. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ ọyàn ìyá mi wò tán ni, ó sì ti sọ ohun tó rí. Ó ní kókó tó wà níbẹ̀ jọ jẹjẹrẹ, kí wọ́n tètè jẹ́ kí wọ́n gé e kúrò. Mo wà lẹ́yìn kọ́tìnnì. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ wọn, gígé yẹn nìkan ló wọ̀ mí létí.

Ìyá Dókítà là ń pè é, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ni dókítà. Mi ò mọ orúkọ àbísọ rẹ̀ nígbà náà. Àsìkò tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé àdúgbò wa ni, tí igbó ṣì pọ̀ ju ilé lọ, tí ariwo ọkọ̀ láti títì márosẹ̀ sì máa ń wọ inú oorun wa. Ọsibítù ńlá kan ní Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́, àwọn tí jẹjẹrẹ ń bá jà nìkan ló sì ń tọ́jú. Kí wọ́n tó pe ìrun àárọ̀, mọ́tò rẹ̀ ti jáde. Bó bá dé nírọ̀lẹ́, á tún gbé báàgì kọ́ èjìká, á fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé àwọn tí kò lágbára láti dé ọsibítù. Òórùn Dẹ́tọ́ọ̀lù àti òrí máa ń tẹ̀ lé e. Àwọn àgbà àdúgbò ní ilé tó bá wọ̀, pósí ò ní pẹ́ débẹ̀. Àwa ọmọdé ò dúró gbọ́ àlàyé. Bí a bá ti gbọ́ ìró géètì rẹ̀, oníkálukú á wábi gbà.

Òun ló wá wọ ilé tiwa yìí.

Ògì ni ìyá mi ń tà. Láàárọ̀ kùtù, òórùn kíkan rẹ̀ ló máa ń jí mi, pẹ̀lú ìró omi tó ń ro sínú bàsíà bó ṣe ń sẹ́ ẹ. Nígbà tó yá, mo rí i pé ọwọ́ òsì ló fi ń fún aṣọ asẹ́. Ó ní ọrùn ló ń dun òun. Wọ́n fi róòbù pa á lọ́rùn títí, àṣé ètè la fi sílẹ̀ tí à ń pa làpálàpá. Nígbà tí wọ́n rí kókó ní ọyàn rẹ̀, ìyá àgbà gbé àgbo dé láti Ìfọ̀, ọ̀rẹ́ ìyá mi kan gbé òróró àdúrà dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo wọn ò fẹnu kò lórí ohun kan àfi pé irin kì í kàn án. Wọ́n ní bí abẹ bá ti lè fọwọ́ kan nǹkan náà báyìí, á tú ká inú ara, ó parí nìyẹn. Wọ́n lè dárúkọ àwọn tó ṣẹlẹ̀ sí. Kò sẹ́ni tó bèèrè bóyá àwọn yẹn ti pẹ́ jù kí wọ́n tó lọ. Bàbá mi, tó ń wa tírélà lọ sí Kánò, sọ lórí fóònù pé ohun tí ìyá òun bá ti wí náà ni ká ṣe.

Ìyá Dókítà ò bá ìyá àgbà jiyàn. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ fún un.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ lọ kí ẹnìkan. Ìyàwó yín náà á bá wa lọ. Kò jìnnà."

Mo di ìró ìyá mi mú, mo tẹ̀ lé wọn. Kò sẹ́ni tó lé mi padà.

Ilé tó kẹ́yìn ní àdúgbò wa la lọ. Obìnrin tó máa ń dín àkàrà níwájú ilé náà tẹ́lẹ̀ ló dùbúlẹ̀ nínú yàrá. Wọ́n ti sọ fún àwa ọmọdé pé ó rìnrìn àjò. Láti ẹnu ọ̀nà ni òórùn ti pàdé wa, òórùn tí mi ò lè fi wé nǹkan kan. Ìyá Dókítà ò tilẹ̀ yíjú. Ó kó oògùn Fílájìlì sórí ọlọ kékeré kan, ó lọ̀ ọ́ títí ó fi kúnná. Ìyá mi fọwọ́ bò mí lójú, àmọ́ bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Láàárín ìka rẹ̀ ni mo ti rí Ìyá Dókítà tó ń fọ egbò àyà obìnrin náà, tó ń wọ́n oògùn lílọ̀ náà sí i kí òórùn lè dín kù, tó ń wí pé, "Pẹ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ mi, mo ti fẹ́ ṣe tán. O ṣeun tí o gbà kí n mú wọn wá. Bá mi sọ fún Màmá. Ṣé irin kàn ẹ́?"

Obìnrin náà wo ìyá àgbà mi, tó ti fi etí gèlè bo imú.

"Irin ò kàn mí rí o, Màmá. Ẹ̀rù rẹ̀ ló bà mí. Àgbo ni mo mu, àdúrà ni mo gbà. Ẹ wá wò mí."

Ìyá àgbà sọ gèlè náà kalẹ̀. A padà sílé. Ẹnu ọ̀nà wa ló dúró sí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ lọ gé e."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ sí ọsibítù, mo sáré bá Ìyá Dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Gbogbo ẹni tí mo ti ń bi léèrè ló ń sọ pé kí n dákẹ́, pé màmá mi ò ní kú lórúkọ Jésù.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé màmá mi máa kú ni?"

Ó lóṣòó kí ojú wa lè ṣe déédéé.

"Mi ò mọ̀, ọmọ mi. Bí a bá tètè gé e, ó lè pẹ́ láyé dáadáa. Àmọ́ mi ò ní fi í sílẹ̀. Ìyẹn ni mo mọ̀."

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Síbẹ̀, òun nìkan ni àgbà tó dá mi lóhùn.

Ìyá mi padà dé pẹ̀lú ọyàn kan. Oògùn tí wọ́n ń fà sí i lára mú kí gbogbo irun orí rẹ̀ re. Àdúgbò ń retí kí nǹkan náà tú ká, èmi náà ń retí rẹ̀. Bó bá wúkọ́ báyìí, àyà mi á já. Bó bá pẹ́ ní balùwẹ̀, màá lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, màá máa tẹ́tí. Kò tú ká. Ìyá mi padà sídìí ògì rẹ̀, ó tọ́ mi dàgbà, ó sì wẹ àkọ́bí mi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àìsàn náà padà, ó wọ eegun. Ìyá Dókítà ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, ó ti kó lọ sí àdúgbò OPIC, orúnkún sì ń dà á láàmú. Ọ̀kadà ló máa ń gùn wá. Ọwọ́ rẹ̀ ló wà nínú ọwọ́ ìyá mi nígbà tí ìyá mi mí kẹ́yìn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo bi í bó ṣe ṣe é tí ẹ̀rù kì í bà á, ní gbogbo ọdún yìí, láti ilé kan dé òmíràn. Ó wò mí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ mi pa lẹ́rìn-ín.

"Ta ló sọ fún ẹ pé kì í bà mí? Gbogbo ẹnu ọ̀nà tí mo bá dé ló ti máa ń bà mí. Mo kàn máa ń kan ilẹ̀kùn náà ni."

Òun náà ti lọ báyìí. Èmi náà ti dé ẹnu ọ̀nà tó pọ̀ látìgbà náà, ti ọsibítù, ti ilé ọ̀fọ̀, àti ti yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ọyàn tèmi wò lọ́dọọdún. Kò sí ọ̀kan tí ẹ̀rù ò ti bà mí níbẹ̀. Mo ń kan ilẹ̀kùn.