Omi Nínú Bàtà Òkìríkà

Òjò pa bàtà mi lánàá. Bí mo ṣe bọ́ ọ, òórùn awọ rẹ̀ tó rin gbingbin gbé mi padà sí àdúgbò Deido, ní ìlú Douala, níwájú ọkùnrin kan tó ń ta bàtà òkìríkà. Ìlú le nígbà náà. Takisí ti daṣẹ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ ni gbogbo wa fi ń rìn.

Màmá mi mú bàtà ńlá kan, ó fọwọ́ méjèèjì tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò bóyá á là, ó sì da omi tí mo gbé dání sínú rẹ̀.

“Màmá Bísí, bàtà àwọn ọkùnrin iléeṣẹ́ nìyẹn o! Ṣé ẹ máa wọ̀ ọ́ lọ ṣọ́ọ̀ṣì ni?” ni ọkùnrin tó ń ta bàtà náà wí.

“Èmi? Màá wọ̀ ọ́ lọ!”

Omi ò jò. Ó dà á nù, ó sanwó, ó wọ bàtà náà ní tútù. Ìtìjú bò mí, mo rọra ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ó ti ta gbogbo bàtà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ká lè jẹun.

Lọ́jọ́ náà, nígbà tí àwọn tó wà nílé ọtí kan lójú ọ̀nà ń fi wá rẹ́rìn-ín, ńṣe ló gbé ìró rẹ̀ sókè dé orúnkún, kí wọ́n lè rí bàtà náà dáadáa.