Eyín Òkè Àkànjí

Bí ẹ bá bi àwọn àgbà Agbamu léèrè ẹni tí Efúnwùnmí jẹ́, wọn á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọn á ní obìnrin ẹlẹ́nu mímú tó máa ń la ẹnu ọmọ ọlọ́mọ wò láìtọrọ àyè. Òótọ́ ni. Láràárọ̀ ló ń to àwọn ọmọ agboolé rẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé, orín àta lẹ́nu kálukú. Èyí tí kò bá tíì léyín, òwú tó ti rẹ nínú omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́rọ́ ló fi ń nu erìgì rẹ̀. Ọmọ ń ké, ìyá ń bínú, kò kàn án. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn, ẹni tó bá wù kó bú mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, láyé tí àwọn ẹlẹ́ṣin Núpé ṣì ń kó ènìyàn lójú oko, Àmọ̀pé, ọmọ agboolé Efúnwùnmí tó lọ́kọ sí Àrán-Ọ̀rin, sáré dé láti ibẹ̀, òun nìkan, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyá, ẹ gbà mí! Wọ́n ní eyín òkè ni Àkànjí kọ́kọ́ hù."

Èèwọ̀ ni nílé ọkọ Àmọ̀pé. Ọmọ tí eyín òkè rẹ̀ bá ṣáájú ti ìsàlẹ̀, èrò ọ̀nà ni wọ́n ń gbé e fún, a kò sì gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ mọ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló rí ohun funfun lẹ́nu ọmọ, tó pe Baba Ògúnyẹmí, olórí ilé. Baba sì ti ní kí oòrùn tó kàn àtàrí, ọmọ gbọ́dọ̀ ti lọ.

Efúnwùnmí la ẹnu ọmọ oṣù méje náà. Erìgì òkè wú, ó pọ́n kankan, nǹkan funfun kékeré kan sì yọ lórí rẹ̀. Ara ọmọ gbóná. Ó ti kọ ọyàn láti ọjọ́ méjì.

"Bí mo bá yọ ọ́ níhìn-ín, wọn á ní eyín ni mo yọ," ó ní. "Jẹ́ ká lọ. Ojú wọn ni màá ti ṣe é."

Kò sọ fún Àmọ̀pé pé òun náà kò dá ara òun lójú. Ẹ̀rù bà á títí wọ́n fi dé Àrán-Ọ̀rin.

Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn àtàrí. Oníṣòwò kan jókòó sábẹ́ igi, ẹrù rẹ̀ ní dídì, ó ń dúró de ọmọ.

"Obìnrin Agbamu, èèwọ̀ ilé wa kò kàn ọ́," Baba Ògúnyẹmí wí.

"Ẹ má bínú, Baba. Ẹ ní kí wọ́n fún mi lómi gbígbóná àti iyọ̀. Bó bá jẹ́ eyín ni, èmi fúnra mi ni màá gbé e fún ọkùnrin yẹn."

Àmọ̀pé figbe ta. Títí dòní, inú ń bí mi sí Efúnwùnmí fún ọ̀rọ̀ yẹn.

Ó nu ún lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀jẹ̀ ló rí. Ó nu ún lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀jẹ̀ náà ni. Oníṣòwò dìde, ó gbé ẹrù rẹ̀. Efúnwùnmí ti òwú mìíràn bọ omi iyọ̀. Ó rọra tẹ erìgì náà, ọyún tú jáde, ohun funfun náà sì bá òwú wá. Ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ Baba.

"Ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀. Èèpo ọkà bàbà ni.

"Ta ló ń rọ ọmọ yìí lẹ́kọ?" Efúnwùnmí bèèrè.

Gbogbo ojú yí sí ìyá ọkọ Àmọ̀pé. Kánjúkánjú oko ni kò jẹ́ kó máa sẹ́ ògì mọ́. Èèrí, èèpo ọkà tó kù nínú ògì, ló gún ọmọ lérìgì, tó sì di egbò.

Efúnwùnmí tún fi omi iyọ̀ nu ẹnu ọmọ. Nígbà tó yá, Àkànjí gba ọyàn. Àwọn obìnrin hó yèè, ṣùgbọ́n Baba Ògúnyẹmí kò dìde. Ó ṣì ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Mẹ́ta ni mo ti gbé fún èrò ọ̀nà kó tó kan eléyìí," ó ní. "N kò la ẹnu ọ̀kankan wò."

Ìyá ọkọ Àmọ̀pé ló bú sẹ́kún, nítorí òun ló bí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà.