Eyín Gíà Mọ́kànlélógójì

Òórùn kílọ́ọ̀ṣì tó ń jó ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí ọkọ̀ náà. Abẹ́ mọ́tò kan ni mo wà ní ọgbà àwa mẹkáníìkì l'Adó-Èkìtì, mò ń tú nọ́ọ̀tì kan tó ti dípẹtà, inú sì ti ń bí mi tẹ́lẹ̀. Mo pariwo láti ibi tí mo dùbúlẹ̀ sí pé, "Ta ni wèrè tó ń dáná sun kílọ́ọ̀ṣì níbẹ̀ yẹn?"

Ohùn àgbàlagbà kan dá mi lóhùn jẹ́jẹ́: "Èmi ni wèrè náà. Ẹ kú iṣẹ́ o."

Bí mo ṣe yọrí síta tí mo rí i pé gbogbo orí bàbá náà ti funfun, inú ọ́ìlì tó wà nílẹ̀ níbẹ̀ ni mo dọ̀bálẹ̀ sí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Dìde, ẹ́njiníà. Aṣọ rẹ ti dọ̀tí tó."

Àlàó ni orúkọ mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gbé Adó, síbẹ̀ bí mo bá ti la ẹnu, "Ará Ọ̀yọ́" ni wọ́n máa ń pè mí. Ẹ̀yà kan ṣoṣo lára ọkọ̀ ni iṣẹ́ mi dá lé: ásùlù, ìyẹn irin ńlá tó gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá láti táyà kan sí èkejì. Ikùn kan wà láàrin rẹ̀ tó rí rogodo bí ìkòkò, gíà méjì ló sì wà nínú ikùn yẹn. Kékeré, tí à ń pè ní píníọ́nù, ló ń gba agbára láti ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ńlá, tí à ń pè ní kíráwùn, ló ń yí táyà. Iye eyín tó wà lára àwọn méjèèjì ló ń pinnu bóyá ọkọ̀ á lè fa ẹrù gun òkè, tàbí á kàn máa sáré lójú títì. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ́ èyí lọ́wọ́ Ọ̀gá Sùlé nílé. Bí wọ́n bá gbé ásùlù wọlé, kó tó kí ẹnikẹ́ni, á ti ní, "Tú u! Ka eyín!" Tí o bá sọ fún un pé o ti mọ iye rẹ̀, á fi sípánà gbá ọ lórúnkún.

Tíṣà ni gbogbo èèyàn ń pe bàbá tó wá bá mi yìí, torí pé ìṣirò ló kọ́ àwọn ọmọ ní Ìyìn-Èkìtì títí tó fi fẹ̀yìn tì. Píkọ́ọ̀pù dísù àtijọ́ kan ló gbé wá, irú èyí tó jẹ́ pé tí a bá fa lífà kan, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á jọ máa fà. Ṣùgbọ́n táyà tó wọ̀ fún un! Háà! Ó ga dé ìbàdí mi.

Mo ní, "Bàbá, ṣé katakata lẹ fẹ́ sọ ọ́ dà ni?"

Kò rẹ́rìn-ín sí èyí. Ó jókòó lórí táyà àlòkù kan, ó sì ṣàlàyé ara rẹ̀. Ọmọ Ìjàn-Èkìtì ni ìyàwó rẹ̀, bàbá ìyàwó náà ló sì fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ fún un lẹ́yìn ìlú náà. Nígbà tí Tíṣà ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, màmá, ìyàwó rẹ̀, ló ń gbin kòkó síbẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbin gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àìsàn dé tó mú apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Ọdún méjì rèé tí kò tíì fojú kan oko náà. Kò lè jókòó lórí ọ̀kadà, òkè olókùúta kan sì wà kí èèyàn tó débẹ̀, tí òjò ti gbẹ́ ojú ọ̀nà rẹ̀ di kòtò. Táyà kékeré ni ọkọ̀ náà ní tẹ́lẹ̀, ikùn rẹ̀ ń ha àpáta. Tíṣà lọ ra táyà ńlá. Ní báyìí, ikùn ọkọ̀ kò ha nǹkan kan mọ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kò lè gun òkè.

Ó ní, "Kò béèrè aṣọ lọ́wọ́ mi, kò béèrè ẹran. 'Gbé mi dé oko mi' ló ń sọ láràárọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó máa rí ọdún tó ń bọ̀, Àlàó."

Àánú wọn ṣe mí gan-an ni. Mo sọ fún un pé ẹ̀bi kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì. Bí táyà bá ṣe ga tó, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ tó ń gbà lẹ́ẹ̀kan tó bá yí ṣe ń pọ̀ sí i, ẹrù tó ń wọ ẹ́ńjìnnì lọ́rùn náà sì ń wúwo sí i. Gíà inú ásùlù la máa pààrọ̀ kí agbára rẹ̀ lè padà. A fi téèpù wọn táyà méjèèjì: ti àtijọ́ ga ní ọgbọ̀n íńṣì, tuntun ga ní mẹ́rìndínlógójì. Mo tú ásùlù ẹ̀yìn, mo ka eyín: mẹ́tàdínlógójì lára kíráwùn, mẹ́wàá lára píníọ́nù. Tíṣà ti gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, ó ti ń kọ ìṣirò sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní kíráwùn tí eyín rẹ̀ bá fi díẹ̀ dín ní ìlọ́po mẹ́rin àbọ̀ ti píníọ́nù ló yẹ wá.

Oríṣi méjì ló wà lọ́jà tó sún mọ́ ọn. Mẹ́tàlélógójì lórí mẹ́wàá á jẹ́ kí ọkọ̀ sáré lójú títì, ẹ́ńjìnnì kò sì ní pariwo jù. Mọ́kànlélógójì lórí mẹ́sàn-án á lọ́ra díẹ̀, ṣùgbọ́n á lágbára lórí òkè.

Tíṣà bi mí pé, "Ta ló ń sáré?" Bí a ṣe mú èkejì nìyẹn.

Ti ẹ̀yìn kò fún mi ní wàhálà. Mo rí gíà rẹ̀ rà, mo kà á, ó pé. Ti iwájú ni mo rí odindi ásùlù fún, láti ara ọkọ̀ tí wọ́n ti tú palẹ̀. Ẹni tó tà á sọ fún mi pé, "Mi ò mọ iye eyín rẹ̀ o. Ẹ tú u wò." Èmi kò tú u.

Ọ̀nà kan wà tí a lè gbà mọ̀ ọ́n láì tú u. A ó dè é mọ́ ọkọ̀, a ó fi jáàkì gbé táyà kan sókè, a ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, a ó sì sàmì sí pòrópẹ́là, ìyẹn ọ̀pá tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì wá sínú ásùlù. Bí a bá ṣe ń yí táyà ni a ó máa ka iye ìgbà tí pòrópẹ́là ń yí. Torí pé táyà kejì wà nílẹ̀, ìlọ́po méjì iye tí a bá kà la ó mú. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń ṣe á yí táyà yẹn ní ogún ìgbà kó tó sọ̀rọ̀. Èmi yí i lẹ́ẹ̀kan. Pòrópẹ́là yí lẹ́ẹ̀mejì, ó sì lé díẹ̀. Mo fojú wo "díẹ̀" náà, mo ní ó ti tó, mo ju ṣọ́ọ̀kì nù, mo lọ jẹ iyán. Ebi kọ́ ló ń pa mí o. Mo rò pé mo ti dàgbà ju kíkà lọ ni.

Lọ́jọ́ tí a gbéra, iwájú ni màmá jókòó sí. Bùbá oko rẹ̀ ló wọ̀, ó sì ní dandan ni kí a gbé àdá òun sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ òun. Èmi wà lẹ́yìn ọkọ̀, mò ń fẹ́ra bí ọba. Láti Ìyìn dé Adó, láti Adó dé Ìjàn, ọkọ̀ náà ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí a dé ìdí òkè, mo kígbe sí Tíṣà pé kó fa lífà kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ máa fà.

A gùn ún dé ìdajì. Ni ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta kébékébé bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀, nǹkan kan sì kán lábẹ́ wa: gbàǹgà! Mo fò sílẹ̀, mo fi òkúta dí táyà. Pòrópẹ́là iwájú ti já, ó ń fì dirodiro.

Tíṣà sọ̀ kalẹ̀. "Àlàó, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mo wolẹ̀. Mo ní, "Sípéà tòkunbọ̀ yìí ni, sà. Ẹni tó tà á fún wa ló rẹ́ wa jẹ."

Àwọn àgbẹ̀ mẹ́rin tó ń bọ̀ láti oko ló gbé màmá lórí àga sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè náà. Kò sunkún. Ó kàn fi ìborùn bo ojú rẹ̀ kí àwọn ará Ìjàn tó mọ̀ ọ́n má baà rí i, ó sì ń sọ pé, "Ẹ gbé mi lọ ulé. Ẹ gbé mi lọ ulé." Ìtìjú yẹn kò tíì kúrò lára mi títí di òní.

Táyà ẹ̀yìn nìkan ni a fi wa ọkọ̀ náà padà sí ọgbà wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tú ásùlù iwájú náà, mo sì kà á bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi. Mẹ́tàlélógójì lórí mẹ́wàá! Táyà iwájú ń fẹ́ sáré ju ti ẹ̀yìn lọ. Lójú títì, táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń fà, kò sí ìjà. Nínú ẹrẹ̀, táyà ì bá yọ̀ díẹ̀, ìjà náà ì bá sì rọlẹ̀. Àpáta kò jẹ́ kí táyà yọ̀, irin ló sì kán. Mo nu ọwọ́, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìyìn.

Mo kúnlẹ̀ ní pálọ̀ wọn. "Tíṣà, irọ́ ni mo pa fún yín lánàá."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ọmọ tó bá jí ìdáhùn ẹnìkejì rẹ̀ wò, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló máa ń wò tí mo bá bi í léèrè. Ẹsẹ̀ rẹ lò ń wò lánàá." Ó ní kí n dìde, ó sì ní kí n ṣàlàyé. Nígbà tí mo parí, ó mi orí. "Ẹ̀ẹ̀kan lo yí i?"

"Ẹ̀ẹ̀kan, sà."

"Ìṣirò tó bá ṣì, a lè tún un ṣe. Ohun tó dùn mí ni pé o jẹ́ kí n sùn pẹ̀lú ìbínú sí ọmọlọ́mọ tó ní kí o tú u wò."

Láti orí àga rẹ̀ ní igun yàrá, màmá sọ̀rọ̀. Ahọ́n rẹ̀ wúwo nítorí àìsàn náà, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń pẹ́ kó tó jáde. "Ará Ọ̀yọ́. Ṣé á gun òkè?"

"Á gùn ún, mà."

"Nígbà wo?"

"Tí mo bá ti ka eyín tán, mà."

Tíṣà ní òun á bá mi wá gíà náà. Ó mú awò ojú rẹ̀ dání. Ní gbogbo ìsọ̀ tí a dé, ó ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ìka kan eyín kíráwùn lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò náà ní, "Bàbá, kò sí èyí tó máa sá lọ nínú wọn o."

Tíṣà na ọwọ́ sí i. "Má dá mi dúró. Mo ti dé mẹ́tàdínlógún."

Ìsọ̀ kẹta la ti rí i. Òun kà á lẹ́ẹ̀mejì, èmi náà kà á lẹ́ẹ̀mejì: mọ́kànlélógójì lórí mẹ́sàn-án. Lẹ́yìn tí mo dè é tán, tí mo sì ti fi pòrópẹ́là mìíràn rọ́pò èyí tó já, mo tún gbé táyà sókè, mo yí i ní ogún ìgbà, Tíṣà sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà.

Ìgbà kejì tí a dé ìdí òkè yẹn, mi ò fẹ́ra mọ́. Orí ìdúró ni mo wà lẹ́yìn ọkọ̀, mo di irin mú, mò ń gbàdúrà. Tíṣà fa lífà. Ọkọ̀ rọra gbé imú sókè, ó sì ń gùn, díẹ̀díẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń dún bákan náà láìyí ohùn padà. A kọjá ibi tó ti kán. A kọjá kòtò. Ilẹ̀ tẹ́jú níwájú wa, kòkó sì wà lọ́tùn-ún lósì.

Mo fò sílẹ̀, mò ń pariwo pé, "Ẹ gbọ́ ẹ́ńjìnnì yẹn! Tíṣà, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún!"

Màmá gbé ọwọ́ rẹ̀ tó le sókè. "Ẹ pa á. Mo fẹ́ gbọ́ oko mi."

Tíṣà pa á. Ewé gbígbẹ ń dún, ẹyẹ ń ké lókè. Màmá yọrí sí ojú wíńdò, ó na ìka sí igi tó sún mọ́ ọn jù, mo sì gbọ́ tó ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ó kà á lọ títí, ahọ́n rẹ̀ kọ́, iye náà sì dàrú mọ́ ọn lójú. Kò fojú díwọ̀n ìyókù. Ó padà sí igi àkọ́kọ́, ó tún bẹ̀rẹ̀, àwa méjèèjì sì dúró dè é.