Iṣu Tí Ìyá Mi So Màrìwò Mọ́

Mo kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n dàgbà débi tí mo fi lè sọ ẹ̀ṣẹ̀ ìgbà èwe mi láìsunkún. Oore rẹ̀ pọ̀ lórí mi, ó sì tọ́ kí ọpẹ́ ṣáájú ìtàn.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, ọjọ́ tí a bá wa iṣu gan-an ni ìyá mi ti máa ń ya ti ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì sọ́tọ̀. Yóò gbé èyí tó tóbi jù, yóò so màrìwò mọ́ ọn lọ́rùn, ó parí. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. A lè mu gààrí títí oṣù yóò fi parí, iṣu onímàrìwò yóò wà nínú àká, yóò máa wò wá. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí bí iṣu sísun àti epo pupa ṣe máa ń ta sánsán lẹ́nu ààrò nígbà yẹn. Kò rọrùn rárá.

Lọ́dún tí mo ń sọ yìí, òjò kò rọ̀ dáadáa. Ẹyọ iṣu kan ṣoṣo ló tóbi nínú gbogbo oko wa, ìyá mi sì so màrìwò mọ́ ọn. Nígbà tí ìkórè ku ọ̀sẹ̀ méjì, àìsàn kọlu bàbá mi, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ọ̀wọ̀. Ìyá mi ló lọ dúró tì í. Kó tó gun ọ̀kadà, ó pè mí.

"Mojí, iṣu tó ní màrìwò ni kí ìwọ àti Ìyá Àgbà gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì o. Má sọ fún mi pé o gbàgbé."

N kò gbàgbé. Ohun tí mo ṣe burú ju ìgbàgbé lọ. Mo rò ó pé tí bàbá mi bá padà dé, iyán ni yóò kọ́kọ́ wù ú, ṣé iṣu wẹ́wẹ́ la wá fẹ́ gún fún un? Kí n má purọ́, ọ̀fun tèmi náà wà nínú ìrònú yẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ ìkórè, mo tú màrìwò náà, mo so ó mọ́ iṣu kan tí kò ju apá mi lọ, mo gbé e sínú abọ́ ńlá, mo fi aṣọ funfun bò ó. Ojú Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, kò ríran dáadáa mọ́. Kò mọ nǹkan kan.

Nígbà tó kan ìdílé wa nínú ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá Àgbà ní kí n ṣí aṣọ kí òun fọwọ́ lé iṣu náà gbàdúrà. Ó fọwọ́ pa á láti orí. Ọwọ́ rẹ̀ yára dé ìdí jù.

"Mojí, èyí tí ìyá rẹ so màrìwò mọ́ rèé?"

"Òun ni, Ìyá Àgbà."

"Ó mà rù o. Àbí òun náà ń ṣàìsàn ni?"

Àwọn tó wà lẹ́yìn wa rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ padà sórí iṣu náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ fún ìwòsàn bàbá mi, bí ẹni pé ó ti dé sílé. Mo sọ nínú ara mi pé tí bàbá mi bá kú, èmi ni mo pa á.

Mo sáré délé, mo gbé iṣu ńlá náà rù, mo sáré padà. Akọrin ti ń kọ orin ìparí nígbà tí mo wọlé, erùpẹ̀ ti dà sí gbogbo aṣọ ìkórè mi. Mo gbé e síwájú, mo jẹ́wọ́ fún Ìyá Àgbà létí, mo sì béèrè bóyá Ọlọ́run á ṣì wo bàbá mi sàn.

"Ta ló sọ fún ọ pé Ọlọ́run ń gba iṣu kó tó wo èèyàn sàn? Ó ti ń ṣe é fún wa kí ìwọ tó mọ iṣu, ìdí nìyẹn tí a fi ń fún un. Gbé èyí tó kéré yìí padà sílé, bàbá rẹ á jẹ ẹ́. Lọ́la, wàá fa gbogbo koríko iwájú ilé, nítorí irọ́ tó o pa fún mi."

Mo fa koríko náà títí ọwọ́ mi fi bó, orin ni mò ń kọ. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé fífúnni lè mú ara èèyàn fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹni tó bá ra iṣu ìkórè ní gbànjo máa ń gé orí rẹ̀ padà fún ẹni tó mú un wá, kó lè gbìn ín. Tíṣà kan tó wá láti Ìbàdàn ló ra tiwa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣàlàyé fún un, ó ṣáà rò pé wọ́n fẹ́ rẹ́ òun jẹ. Ọjọ́ tó gbà níkẹyìn, tó gbé orí iṣu náà wá, ni bàbá mi dé láti Ọ̀wọ̀, ó rù, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn wọlé. Ìyá mi gún iṣu kékeré yẹn. Bàbá mi jẹ ẹ́, ó lá ọwọ́, ó ní òun kò jẹ iyán tó dùn tó báyìí rí.

Lóde òní, fóònù ni ọ̀pọ̀ fi ń fi ọrẹ ìkórè ránṣẹ́. N kò bá wọn wí, èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí iṣẹ́ ìjọba bá dá mi dúró sí Ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n fóònù kò ní orí tí a lè gé padà fúnni. Irú iṣu yẹn ṣì ń hù lẹ́yìnkùlé mi, láti orí dé orí. Àwọn ọmọ mi ló ń so màrìwò báyìí. Kí wọ́n tó gbé e jáde nílé, mo máa ń fọwọ́ pa á láti orí dé ìdí.

Ìwọ tó ka èyí, kí ọwọ́ tó o fi ń fúnni má ṣófo láé. Kí ẹni tó o ń dúró dè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, kí orí iṣu rẹ sì máa hù lọ́dọọdún. Àmín.