Bàbá Mi, Etí Kòtò Amọ̀

Bàbá mi kì í gbẹ́ amọ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un ni pé kó jókòó, kó máa gbọ́. Àwọn tí kò mọ iṣẹ́ wa a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Baba Etí, iṣẹ́ ọ̀lẹ rèé o." Á ní, "Ẹ wá bá mi jókòó sí i."

Amọ̀ bíríkì là ń gbẹ́. Ẹ̀gbẹ́ kan kòtò náà ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ, amọ̀ dúdú ni látòkè délẹ̀. Ìdí rẹ̀ là ń gbẹ́. Irú òkúta kan kún inú ẹ̀gbẹ́ tó dúró bí ògiri yẹn, ó rí róbótó, ó gùn, ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó. Ó jọ ọta ìbọn, torí náà ọta là ń pè é. Bí omi bá ti gba ẹ̀yìn wọ ògiri, amọ̀ á rọ̀, kò ní lè di ọta mú mọ́. Ọta ló máa ń kọ́kọ́ já. Tó. Lẹ́yìn náà, tó, tó. Lẹ́yìn ìyẹn, ògiri fúnra rẹ̀. Èèyàn lè ráyè sá láàárín méjèèjì, ó sì lè má rí i.

Iṣẹ́ bàbá mi ni kó gbọ́ ọta, kó ké pé, "Ó já!" Bó bá ti ké, gbogbo wa á ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, a ó sá. Ẹnikẹ́ni kì í padà mú nǹkan. Òfin kòtò nìyẹn.

Ọmọ òrukàn ni bàbá mi. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ aránṣọ ló tọ́ ọ dàgbà. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló ti kọ́ bí a ṣe ń gbọ́. Ó ní abẹ́rẹ́ tó bá fẹ́ ṣẹ́ máa ń yí ohùn padà. Nígbà tó dé kòtò, ó gbé ṣọ́bìrì bíi ti gbogbo wa. Lọ́jọ́ kan ó ní òun gbọ́ ọta, wọ́n ní kó jẹ́ káwọn ráyè ṣiṣẹ́. Ògiri pa èèyàn méjì lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti fi í ṣe etí.

Ìyá mi ló ń to bíríkì tútù sóòrùn. Bàbá mi a máa fọ́nnu pé òun ti gbọ́ ìrìn rẹ̀ lókèèrè kóun tó rí ojú rẹ̀. Ìyá mi á ní, "Irọ́ ni. Bàtà mi ló ya tó ń pariwo."

Olùkọ́ obìnrin kan kó àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wá wo ọta nígbà kan. Ó ní òkun ló wà níbi tí a wà yìí láyé àtijọ́. Ẹran kan ń gbé inú òkun náà, ara rẹ̀ rọ̀, apá rẹ̀ pọ̀, ó ń tu omi dúdú bí ẹ̀rù bá bà á. Ìdí rẹ̀ ni ọta yìí wà bí eegun, òun ló ń mú kó lè lúwẹ̀ẹ́ lọ tààrà. Ó ní ìran rẹ̀ ti parun, kò ku ẹyọ kan láyé.

Bàbá mi bi í pé, "Apá mélòó ló ní?"

"Mẹ́wàá, sà."

"Apá mẹ́wàá, kò sì rí ọ̀kan fi sá fún ikú?"

A rẹ́rìn-ín títí. Olùkọ́ náà nawọ́ sí ibì kan lára ògiri tí ọta ti gorí ara wọn. Ó ní, "Ó lè jẹ́ pé ṣe ni wọ́n kú pọ̀. Ẹrẹ̀ ló bò wọ́n."

Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tí a ń lọ sílé, ó ní, "Wọn ò gbọ́ ni."

Ara kẹ́tùlù ni mo ti kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe bàbá mi. Ó wà lórí iná lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, ọmọrí rẹ̀ ń jó, omi ń ru dànù. Kò bojú wẹ̀yìn. Ìyá mi wò mí. Èmi náà wò ó. Ìyá mi mú ìkòkò, ó fi ṣíbí lu ìkòkò náà kíkankíkan lẹ́yìn orí bàbá mi. Kò mira.

Ìyá mi lọ síwájú rẹ̀ kó lè rí ẹnu òun. Ó ní, "Bàbá ọmọ mi, ẹ sọ fún wọn."

"Kí n sọ kí ni?"

"Pé etí yín ti lọ."

"Ó ń lọ, ó ń bọ̀ ni." Ó gbé kẹ́tùlù kúrò lórí iná. "Bí mi ò bá jẹ́ etí, kí ni mo wá jẹ́?"

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rù bá wa gbélé, ó tún ń tẹ̀ lé mi lọ síbi iṣẹ́. Ariwo ṣọ́bìrì àti ẹ̀rọ tó ń fa omi kì í jẹ́ kí n gbọ́ nǹkan kan. Bí mo bá gbẹ́ díẹ̀, mà á wẹ̀yìn wò ó.

Ó wá gbé ògbólógbòó páànù kan wá. Ó tẹ́ ẹ sí ìdí ògiri, ó bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ lé e. Inú ọ̀gá wa dùn. Ó ní, "Baba Etí, ẹ gbọ́n o! Gbogbo wa la máa gbọ́ ọ báyìí." Kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ ni bàbá mi fẹ́ fi gbọ́. Ọta kan já lọ́jọ́ kan. Bàbá mi ti fò dìde kí èmi tó gbọ́ ìró rẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Òjò dé, ó rọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Nígbà tó dá, ọ̀gá ní kí wọ́n gbé páànù náà lọ bo ẹ̀rọ, kí òjò mìíràn má bàa bà á jẹ́. Bàbá mi jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹrẹ̀. Mo rí i tó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wo ògiri. Omi ń sun jáde láàárín rẹ̀ bí òógùn. Ó wo gbogbo wa lábẹ́ rẹ̀. Mo ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, mo ń lọ bá a. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti dìde.

"Ẹ jáde! Etí mi ti kú!"

Ẹnì kan ní, "Etí tó gbọ́ ìrìn ìyàwó lókèèrè?"

"Ó ti kú tipẹ́. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ jáde."

Ẹ̀rín tán. Gbogbo wọn gbójú sókè wo ògiri tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ tipẹ́tipẹ́ láìsí ẹni tó ń gbọ́. Ẹnikẹ́ni kò bú u. Wọ́n rọra gbé ṣọ́bìrì kalẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ. A jáde.

Ọ̀gá wo ojú wa. "Máàkánjú ńkọ́?"

Ọkùnrin kan ni, tí a sọ ní Máàkánjú torí pé bí ilé bá ń jó, á kọ́kọ́ ká aṣọ rẹ̀ ná. Ó wà nídìí ẹ̀rọ lábẹ́ ògiri lọ́hùn-ún, ó kẹ̀yìn sí wa. A pè, a pè, ariwo ẹ̀rọ kò jẹ́ kó gbọ́. Bàbá mi wo ẹnu wa, ó wo Máàkánjú tí kò yíjú.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ fọwọ́ kàn án."

Mo di ẹ̀wù rẹ̀ mú. Ó já a gbà.

Ó dé ibẹ̀, ó fọwọ́ gbá a léjìká, ó pa ẹ̀rọ, ó tọ́ka síta. Máàkánjú bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó mú fìlà rẹ̀. Bàbá mi yíjú sí ògiri, ó ń fi ojú wá ohun tí etí kò lè sọ fún un mọ́.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ọ. Tó. Tó, tó.

"Ó já! Bàbá, ó já!"

Máàkánjú gbọ́ tèmi. Ó sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá mi rí i tó ń sá, ó yí padà, ó gbẹ́sẹ̀.

Ògiri dé.

Ọwọ́ la fi wú u jáde. Ọta kún inú amọ̀ tó bò ó.

Máàkánjú wá sílé wa, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá mi gbé omi fún un. Ó bi í pé, "Ṣé o mú fìlà?" Ọkùnrin náà bú sẹ́kún.

Wọ́n ní kí n wá ṣe etí. Ìyá mi ní àfi bí òun bá kú. Mo lọ. Àwọn èèyàn ń padà sábẹ́ ògiri yẹn, mi ò sì mọ ẹni tó máa gbọ́ fún wọn bí mi ò bá lọ.

Bí mo bá gbọ́ ọta, mo máa ń ké. Mi ò gbára lé igbe nìkan. Mo máa ń ṣa amọ̀ jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mà á máa sọ ọ́ lù wọ́n lẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń bú mi: "Ọmọ Baba Etí, ṣé o fẹ́ là mí lórí ni?" Mà á tún sọ òmíràn.

Kí wọ́n kọ́kọ́ jáde ná.