Ọjọ́ Tí Sísítà Wá Kó Mi Jáde

Òórùn ewé dógóyárò ló jí mi láàárọ̀ Sátidé yẹn. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ti gbé ìkòkò kaná láti ìdájí, ewé ń hó, èéfín ti gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, kíkorò rẹ̀ sì ń wọ èèyàn nímú títí dé ọ̀fun. Ọdún kọ́rọ̀nà ni. Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ kò ní í gbàgbé: ilé wo ni wọn kò ti se ewé kan tàbí òmíràn lọ́dún náà? Ṣùgbọ́n ti àárọ̀ yẹn pọ̀ jù. Ìyá Àgbà ti fi ọṣẹ fọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti sá ẹní bàbá mi sóòrùn, ó sì ti rẹ gbogbo aṣọ rẹ̀ sómi. Mo bi í pé Bàbá ńkọ́. Ó ní ó ti lọ wo ẹ̀gẹ́ lóko ní Alajue, kò sì wojú mi nígbà tó ń sọ ọ́.

Ó yà mí lẹ́nu. Káfíńtà ni bàbá mi, ọjọ́ Sátidé sì ni àwọn oníbàárà ń wá gba iṣẹ́ wọn. Kí ló lè gbé Mùráínà Káfíńtà lọ oko lọ́jọ́ ọjà rẹ̀? Màmá mi ni ìbá sọ òótọ́ fún mi, ṣùgbọ́n ó ti lọ Ìwó lọ bá àbúrò rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ aṣọ tí wọ́n rẹ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti bàbá mi àti ilé ìwé wa. Pírámárì mẹ́ta ni ìwé tó kà mọ. Nígbà tó mú mi lọ sí ilé ìwé girama àwọn Àgùdà ní Ẹdẹ, àwọn ará agboolé wa, tó jẹ́ pé kò sí ẹni tí kì í kírun nínú wọn, bi í bóyá ó ti ṣetán láti sọ mí di Màríà. Ó ní ìwé kan náà ni wọ́n ń kà níbi gbogbo. Ọdún tí mo wọlé ni wọ́n gbé iṣẹ́ àga gbọ̀ngán ilé ìwé náà fún un. Ó kàn wọ́n dáadáa, ó kó wọn dé ẹnu géètì, ó sì padà. Kò wọlé. Ère Màríà kan wà lẹ́yìn géètì, àwọn ará ilé sì ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bó bá kọjá lára rẹ̀, omi odò Ọ̀ṣun ni yóò fi ṣe àlùwàlá. Ó ní òun kò bẹ̀rù ère, ẹnu àwọn ará ilé lòun ń sá fún.

Ó wá fi ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde mi ṣe àdéhùn. "Lọ́jọ́ yẹn, mò ń wọlé. N ó jókòó lórí àga tí mo fọwọ́ ara mi kàn, n ó sì dáhùn."

Ìdáhùn tó ń wí nìyí. Agogo ọwọ́ kan wà níléèwé wa, idẹ ni, èèkù rẹ̀ ti ń dán nítorí ọwọ́ tó ti dì í mú láti ọdún pípẹ́. Òun ni wọ́n fi ń pè wá wọ kíláàsì. Lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, ọ̀gá ilé ìwé á pe orúkọ rẹ pérépéré, á wá bèèrè pé, "Ta ló ni ọmọ yìí?" Òbí rẹ á dìde láàárín èrò, á ní, "Èmi ni mo ni ín." Ìgbà yẹn ni wọ́n á gbé agogo fún ìwọ fúnra rẹ, wàá lù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. O ti jáde nìyẹn.

Ọdún mẹ́fà ni bàbá mi fi kọ́ gbólóhùn yẹn. Bó bá ń fá pákó lọ́wọ́, á dúró, á tún ohùn ṣe, á ní, "Èmi ni mo ni ín!" Àwọn oníbàárà á máa wo ara wọn. Mo máa ń sọ fún un pé, "Bàbá, ohùn yín ti le jù, wọ́n á rò pé ẹ fẹ́ gba ilẹ̀ ni." Á rẹ́rìn-ín, ikọ́ á sì gbé e. Eruku pákó ti bá a lọ́fun láti kékeré, ikọ́ rẹ̀ kì í ṣe tuntun sí ẹnikẹ́ni.

Kọ́rọ̀nà ló sọ ikọ́ di ẹ̀ṣẹ̀. A fi ìbòmú ṣe ìdánwò àṣekágbá, wọ́n ní àpèjọ kò sí, kí oníkálùkù máa lọ sílé. Mo délé sọ fún bàbá mi. Ó padà sídìí pákó rẹ̀, láti ọjọ́ náà n kò sì gbọ́ "Èmi ni mo ni ín" lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ikọ́ nìkan ni mò ń gbọ́. Láàárín àkókò yẹn náà ni ọkùnrin kan wúkọ́ nídìí ẹ̀rọ omi ládùúgbò kejì, tí àwọn kan tó wọ funfun látòkè délẹ̀ fi ọkọ̀ wá gbé e lọ. Ó padà dé láyọ̀, ó tiẹ̀ sanra sí i, ṣùgbọ́n ta ló rántí ìyẹn? Kíkó tí wọ́n kó o lọ ni gbogbo ẹnu ń sọ.

Ohun tí n kò mọ̀ láàárọ̀ Sátidé náà, tí Ìyá Àgbà padà fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi, ni pé ọ̀gá ilé ìwé wa ti pe fóònù bàbá mi lọ́jọ́ Tọ́sìdeé. Sísítà Bẹnẹdíkta ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Íbò ni, Ẹdẹ ló ti kọ́ Yorùbá, kì í sì í bẹ̀rù láti sọ ọ́. Ó ti pinnu pé bí ọmọ kò bá lè wá síbi agogo, agogo á lọ bá ọmọ nílé. Fóònù náà ń gba iná lọ́wọ́ ní yàrá Ìyá Àgbà, òun ló gbé e.

"Ẹ káàárọ̀, Mama. Lọ́jọ́ Sátidé, a máa wá kó ọmọ yín jáde."

"Ọmọ tèmi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ yín. Ẹ jẹ́ kó wẹ̀, kó wọ aṣọ tó mọ́. Kí gbogbo yín lo ìbòmú, èrò kò gbọdọ̀ pọ̀. Ẹ má sọ fún un o. A fẹ́ kó bá a lójijì ni."

Ẹ wo ọ̀rọ̀! Sísítà kò sọ ibi tó ti ń pè, ó sì rò pé ìyá mi lòun ń bá sọ̀rọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ìyá Àgbà sì bí láyé, Mùráínà tó ń wúkọ́ ni. Kò bi mí, nítorí ó gbà pé ohun tí ọmọdé bá gbọ́, àdúgbò ti gbọ́. Ọjọ́ méjì ló fi gbé e sínú. Nígbà tí wọ́n kírun àárọ̀ Sátidé tán, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé wọ́n ń bọ̀ wá kó o, ó sì ti í sórí ọ̀kadà.

Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù ni mo gbọ́ agogo. N kò tíì rí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n agogo iléèwé wa ni. Bí wọ́n bá lu agogo yẹn láàárín igba, n ó mọ̀ ọ́n. Kí ni agogo iléèwé ń wá ní agboolé wa? Mo sáré jáde pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́.

Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan ló dúró síta. Ẹni tó sọ̀kalẹ̀ wọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀, ó lo ìbòmú, ó fi ike tó mọ́ gaara bojú, ó wọ ìbọ̀wọ́. Ilẹ̀kùn ń padé gbà, gbà, gbà yí agboolé ká. Ìyá kan tó ń yan gàrí sá fi agbada sílẹ̀ lórí iná. Ìyá Àgbà nìkan ló dúró, ó dí ẹnu ọ̀nà wa pẹ̀lú ọmọrogùn lọ́wọ́.

"Ọmọ mi ò sí nílé! Ọmọ mi ò wúkọ́ rí láti ìgbà tí mo ti bí i! Bẹ́ ẹ bá máa kó èèyàn, ẹ kó èmi!"

"Mama, ẹ fara balẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ gbé fóònù. A ní a máa wá kó o jáde."

"Ẹ ò ní í kó o!"

"Sísítà!" Èmi ni mo pariwo. Ohùn rẹ̀ ni mo fi dá a mọ̀.

Ó yíjú. "Ràfíátù! Ṣé ẹ rí i, Mama, ọmọ yín rèé nílé. Kí ló dé tí ẹ̀ ń purọ́?"

Ìyá Àgbà wò mí, ó wo Sísítà, ó tún wò mí. "Ta lẹ ní ẹ fẹ́ kó?"

"Ràfíátù. Ó ti parí ìwé. Ṣebí ìkómọjáde ni ẹ̀ ń pè é? Àbí ìkẹ́kọ̀ọ́jáde? Mo máa ń pa méjèèjì pọ̀."

Ọmọrogùn bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Àgbà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Mo ti lé Mùráínà lọ," ó ní. "Mo ti fọwọ́ ara mi lé bàbá rẹ lọ."

  Ìbínú gbé mi, n kò ní í purọ́: ọdún mẹ́fà tí ọkùnrin náà fi múra sílẹ̀, ó wá lọ sá pamọ́ lọ́jọ́ rẹ̀ gan-an! Mo pe fóònù rẹ̀, inú yàrá ló ti ń ké. Ó mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni, nítorí ó ti gbọ́ pé fóònù ni wọ́n fi ń wá èèyàn kiri.

Sísítà wo aago. Ilé mẹ́rin ṣì ń dúró dè é. Ó ní kí Ìyá Àgbà dáhùn dípò bàbá mi. Ìyá Àgbà mi orí. "Bàbá rẹ̀ ló ni ín. Mo ti ba ọ̀kan jẹ́ ná, n kò ní í gba èyí lẹ́nu rẹ̀." Sísítà kò tún rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n wọ kẹ̀kẹ́, kí oníkẹ̀kẹ́ sì kọjú sí Alajue.

Bàbá mi dúró láàárín ebè pẹ̀lú ọkọ́ nígbà tí a yọ. Ó gbójú sókè, ó rí funfun nínú kẹ̀kẹ́. Bí ọkọ́ ṣe bọ́ sílẹ̀ nìyẹn, ó sì kọrí sínú ẹ̀gẹ́, ó sá. Bàbá mi! Ẹni tó ń gbé pákó mẹ́ta léjìká lẹ́ẹ̀kan, tó ń bá àwọn agbowó-orí jà. N kò rí i kó sáré rí láyé mi. Òun ló máa ń sọ fún wa pé àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán, bí kò bá lé ejò, ejò ń lé e. Èmi tí mo jókòó sínú kẹ̀kẹ́ ni ejò lọ́jọ́ náà. Ojú tì mí lójú Sísítà àti oníkẹ̀kẹ́, mo sì kórìíra ara mi fún ìtìjú náà.

Sísítà kò lé e. Ó dúró létí oko, ó lu agogo, ó gbóhùn sókè bí ẹni tó wà ní gbọ̀ngán.

"Ràfíátù Àbẹ̀kẹ́ Ràjí! Ta ló ni ọmọ yìí?"

Kò sí ìdáhùn. Ewé ẹ̀gẹ́ kò mì. Ó tún un pè. Kò sí. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ fẹ́ há. Ìgbà náà ni a gbọ́ ikọ́ nínú oko. Ó wú u, ó wú u, ó dákẹ́.

"Èmi." Ohùn náà kéré. Lẹ́yìn náà ló wá lọ sókè bó ṣe máa ń lọ sókè nídìí pákó. "Èmi ni mo ni ín!"

Ó jáde wá pẹ̀lú sálúbàtà ẹsẹ̀ kan, ewé ẹ̀gẹ́ lórí fìlà. Sísítà gbé agogo fún mi, mo lù ú lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ẹyẹ fò. Bàbá mi wò yíká, ó ní, "Àga ńkọ́?" Sísítà nawọ́ sí ebè kan. Ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀ nù, ó jókòó sórí rẹ̀ tìdùnnú-tìdùnnú, omi ń dà lójú rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti kó ọ jáde báyìí," ó sọ fún mi. "Ti àkọ́kọ́, ìwọ lò ń sunkún."

Òṣìṣẹ́ ìlera ni mí báyìí, ìlú Ara ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi náà ń wọ funfun, mo ń lo ìbòmú, mo ń wọ agboolé dé agboolé lọ fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ilẹ̀kùn ń padé gbà, gbà, gbà bí mo bá ti yọ. Ọmọdébìnrin tó jókòó sínú kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ yẹn ìbá bínú, ìbá pè wọ́n ní aláìmọ̀kan. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń kanlẹ̀kùn, wọ́n á sọ pé ìjọba ló rán àwọn, ẹnikẹ́ni kì í sì í dá wọn lóhùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá arúgbó kan fi ara dí ilẹ̀kùn mọ́ mi, ó ní kò sí ọmọ òun nílé, bẹ́ẹ̀ ni mò ń gbọ́ ohùn ọmọ náà nínú ilé. N kò bá a jà. Mo sún sẹ́yìn, mo yọ ìbòmú, mo kúnlẹ̀ síta níbi tó ti lè rí ojú mi. N kò tíì sọ ohun tí mo bá wá. Mo kọ́kọ́ sọ ẹni tó ni mí: ọmọ Mùráínà Káfíńtà.