Táyà Méjì Tí Kò Jọra Lọ́nà Igangan

Ìdájí ni mo ti alùpùpù mi jáde ní Èrúwà, kí ẹnikẹ́ni tó jí tí yóò bi mí pé níbo ni mò ń lọ. Alùpùpù ńlá ni, irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń rìnrìn àjò láti ìlú dé ìlú. Bó bá ṣubú, ọkùnrin mẹ́ta ló ń gbé e dìde. Olùkọ́ ni mí, owó àjọ ni mo fi rà á, mi ò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Oko bàbá mi lẹ́yìn Igangan ni mò ń lọ, ìbínú ló sì ń gbé mi lọ. Kẹ́hìndé ni mí. Láti kékeré, ohun tí wọ́n bá rà fún Táyé, ìkejì mi ọkùnrin, ni wọ́n ń rà fún mi, ìbáà ṣe bàtà, ìbáà ṣe aṣọ ọdún. Àfi ọjọ́ tí Bàbá ra ọ̀kadà fún Táyé. Wọ́n ní obìnrin kì í gun irin. Lọ́dún tó kọjá, mo gun tèmi lọ fi hàn wọ́n, ṣùgbọ́n táyà ojú ọ̀dà tó bá a wá kò mọ yanrìn rí. Ó gbé mi ṣubú, lọ́rì tó ń kó ẹ̀gẹ́ ló sì gbé àwa méjèèjì dé oko. Bàbá rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ròyìn lọ́rì náà ká gbogbo Igangan. Inú bí mi, mo fẹnu ara mi sọ ọ́ pé bí lọ́rì bá tún gbé e lẹ́ẹ̀kan sí i, màá tà á. Ẹyin lohùn, mi ò lè kó o mọ́.

Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ nígbà tí mo dé Igbó-Ọrà, lọ́dọ̀ Bàbá Ìbejì tó ń ṣe táyà létí títì. (Ẹ pe Bàbá Ìbejì nílùú yẹn, ìdajì àdúgbò ló máa dá yín lóhùn.) Mo ti kó táyà tuntun méjì ránṣẹ́ sí wọn láti Ìbàdàn. Mi ò fẹ́ èyí tó dán, ti ojú ọ̀dà nìyẹn. Mi ò sì fẹ́ kí méjèèjì jẹ́ eléyín ńláńlá, irú ìyẹn máa ń gbọ̀n lórí ọ̀dà, ó sì tètè ń jẹ tán. Iwájú ni mo ra eléyín ńlá fún, kó lè bu yanrìn jẹ. Ẹ̀yìn ló ń ru ẹrù, mo ra èyí tí eyín rẹ̀ sún mọ́ra fún un, tí ara rẹ̀ sì le.

Bàbá Ìbejì wò wọ́n, wọ́n káwọ́ gbera.

"Ìyá Àánú, wọ́n ti rẹ́ yín jẹ. Wọn ò jọra."

"Mo mọ̀ọ́mọ̀ rà á bẹ́ẹ̀ ni."

"N'Igbó-Ọrà ńbí kẹ̀? Ohun tá a bá rà fún Táyé là ń rà fún Kẹ́hìndé!"

"Bàbá Ìbejì, Kẹ́hìndé lẹ ń bá sọ̀rọ̀. Táyé ló ń lọ wo ọ̀nà, Kẹ́hìndé ẹ̀gbọ́n ló ń bọ̀ lẹ́yìn. Iṣẹ́ wọn ò dọ́gba rí. Ẹ bá mi dè é."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n dè é. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ó fi le bí òkúta, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọ̀kadà tó ń ru àpò gàrí. Mi ò jà sí ìyẹn, nítorí ọ̀dà ló kù níwájú mi, táyà líle ló sì dáa lórí ọ̀dà.

Mo jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà gbígbóná ní Ìdèrè. Àkàrà wọn kéré sí ti Èrúwà, àmọ́ ata wọn kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn Ayétẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ àti ilẹ̀ pupa gba ojú ọ̀nà. Táyà líle kì í di òkúta mú, fífò ló ń fò lórí rẹ̀. Mo dúró, mo tú atẹ́gùn díẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà méjì tó ń kọjá kígbe:

"Àǹtí, táyà yín ń jò o!"

"Èmi ni mo ní kó jò!"

Ẹ̀rín wọn ṣì ń dún lọ lọ́ọ̀ọ́kán nígbà tí mo gbéra.

Mo kọjá Igangan, mo dé kòtò oníyanrìn tí mo ti ṣubú lọ́dún tó kọjá. Ta ni mo bá níbẹ̀? Awakọ̀ lọ́rì ọjọ́sí, ó ń kó ẹ̀gẹ́.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá Àánú! Àyè wà lẹ́yìn o. Ẹ jẹ́ ká tètè gbé e kó tó gbé yín."

"Ẹ ṣeun. Ẹ sún lọ́rì yín sẹ́yìn, ẹ̀ ń dí mi lọ́nà."

Ó sún un. Mo dìde dúró lórí irin ìgbẹ́sẹ̀lé, mi ò fọwọ́ kan bíréèkì, mo wọ inú yanrìn. Ẹ̀yìn fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì bí ọ̀mùtí. Ẹ̀rù bà mí gidi, ẹ̀rù pé n ó pàdánù ohun tí mo fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n eyín iwájú bu yanrìn jẹ, ẹ̀yìn sì tẹ̀ lé e. Mo gòkè! Mo pariwo débi pé àwọn ẹyẹ fò.

Bàbá wà láàárín ebè iṣu. Wọ́n wo ọ̀nà lẹ́yìn mi.

"Lọ́rì ńkọ́?"

"Ó ń bẹ lẹ́yìn, Bàbá. Mo ní kó sún fún mi."

Wọ́n yí alùpùpù náà ká. "Kẹ́hìndé, táyà yìí ò jọra."

"Ẹ̀yin náà ò ra ohun tó jọra fún wa nígbà yẹn."

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yẹn ti há mi lọ́fun. Bàbá wo ọwọ́ wọn tí erùpẹ̀ kún. "Ó dáa," ni wọ́n wí. "Mo ti dákẹ́."

"Ẹ má dákẹ́ o, Bàbá. Ẹnu tẹ́ ẹ fi ròyìn lọ́rì ni kẹ́ ẹ fi ròyìn èyí. Ẹ gùn ún."

Wọ́n nu ọwọ́, wọ́n ki fìlà mọ́rí, wọ́n sì gùn ún lẹ́yìn mi. Ní oríta Igangan, níwájú àwọn ọ̀rẹ́ wọn gan-an, mi ò tíì dúró tí Bàbá ti ń ké pé: "Kẹ́hìndé mi ló gbé mi! Kò sí lọ́rì ńbẹ̀ o!"

Mo fẹ́ atẹ́gùn padà sí táyà mi kí n tó bọ́ sórí ọ̀dà, mo sì wọ Èrúwà kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí mo kọjá ní Igbó-Ọrà, Bàbá Ìbejì ṣì bi mí bóyá kí àwọn bá mi wá ìkejì tó jọra. Mo ní rárá. Ohun tí a bá rà fún Táyé ni ká rà fún Kẹ́hìndé: òfin tó dáa ni, mi ò bá a jà. Àwọn tó ṣe é ló gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo sì fọwọ́ ara mi ra tèmi.